Alága Tí Wọ́n Kà Sí Ọgọ́rùn-ún

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dìde ná. Ọ̀rọ̀ Alága ìgbìmọ̀ àgbègbè ẹ̀yìn ìlú ni mo fẹ́ sọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà lórí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀. Ó dáa, ẹ lè jókòó báyìí. Wọ́n ti yọ ọ́ nípò.

Nígbà tí ọkùnrin yìí ṣì wà lórí àlééfà, òfin mẹ́ta ló fi lélẹ̀. Wọ́n kọ wọ́n sára pátákó, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, lókè ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́. Èkíní: bí Alága bá wọlé, kí gbogbo ènìyàn dìde. Èkejì: bí Alága bá na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, kí wọ́n má sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ẹ̀kẹta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí Alága bá wà kí Alága fúnra rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi òfin kẹta yìí sọ́kàn o, nítorí a óò padà bá a lọ́nà.

Òfin àkọ́kọ́ ló mú kí àwọn ará àdúgbò máa pè é ní Ẹ-Dìde lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì gbọ́ ró-ró bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tó wà lábẹ́ tábìlì, ó sì dìde níbi tó wà. Kókó tó so sí i lórí lò tó oṣù kan gbáko. Ti òfin kejì ló le jù nílé. Alága na ọwọ́ nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, títí ìyá wọn fi sọ pé, "Dádì, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ iyọ̀ lẹ fẹ́, iyọ̀ nìyí."

Ọkùnrin gíga kan wà tó máa ń tẹ̀lé e kiri. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ni Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì, ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Òun ló ń bá Alága gbé fóònù, nítorí ẹni ńlá kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fóònù. Òun náà ló ń gbé awò ojú rẹ̀ àti áńkáṣíìfù rẹ̀. Bí Alága bá sín, á ní gbogbo ìjọba ló sín. Bí Alága bá sọ pé ojú ọjọ́ tutù, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á wọ súwẹ́tà nínú oòrùn.

Lọ́dún kan, ìjọba rán Alága lọ sí òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ìdọ̀tí. Ó padà dé láìmọ nǹkan kan nípa ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, ó rí ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní dírẹ́bà, tó ń sáré lórí ojú ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n gbé sókè lórí òpó. Ènìyàn mẹ́ta ló ń gbà. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì ibi tó ń lọ, ọkọ̀ náà á sì gbé e lọ tààrà láìdúró fún ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún mi láìjẹ́ pé mo la ẹnu!" Alága ń sọ èyí fún ìgbà kẹrìnlá láàárín ọjọ́ méjì.

"Ó mọ̀ yín ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Alága bọ́ sórí pèpéle, ó sì na ọwọ́. Ìpàtẹ́wọ́ gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá, nítorí ó gbàgbé ọwọ́ náà sókè níbi tó ti ń wá ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló bẹ̀rẹ̀. "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ aráyé ti ń fẹsẹ̀ rìn! Àwọn baba wa rìn, àwọn baba ńlá wa rìn. Ta ni yóò fòpin sí ìyà yìí? Èmi ni! Mo ti rí Ọkọ̀ Ayára-bí-Àṣá fún Ẹnì Kọ̀ọ̀kan! Olúkúlùkù yín yóò jáde nílé, ọkọ̀ tirẹ̀ yóò sì dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kò ní tò mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá sì kọ́kọ́ gbéra, ní ọjọ́ náà gan-an ni n óò kó àwọn bọ́ọ̀sì ràgàràgà mẹ́ta wọ̀nyẹn kúrò lójú títì!"

Wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ náà hàn. Funfun ni, ó rí roboto, ó sì ṣe ṣóńṣó díẹ̀ lókè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sẹ́ni tó rántí Ayára-bí-Àṣá mọ́. Ẹyin ni wọ́n ń pè é.

Obìnrin kan wà láàárín èrò tí kò pàtẹ́wọ́. Aránṣọ ni. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn pátápátá ní àgbègbè náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Tíṣà náà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa ń wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sí ọsibítù ìgboro, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni àyè tirẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí àwọn tó ń retí pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Aránṣọ dúró nínú oòrùn yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: bí bọ́ọ̀sì bá lọ, kí ni yóò gbé ọkọ òun dé ọsibítù?

Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ máa fojú ṣọ́. Ìyókù, ẹ̀rín ni.

Òfin ìjọba tó wà lókè Alága sọ pé kí wọ́n tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí bóyá ó ṣeé ṣe. Obìnrin onímọ̀-ẹ̀rọ kan ló wà ní ọ́fíìsì wọn tó lè ṣe é. Ìyá Òǹkà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í kà. Ó mọ iye àtẹ̀gùn tó wà ní ọ́fíìsì, ó sì mọ iye èyí tó ti fọ́ nínú wọn. Ó mú ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsù méjì, ó ń lọ jókòó sí àwọn ibùdókọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láàárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá wọ ọkọ̀, á fa ìlà kan. Á sì bi í pé, "Níbo lẹ̀ ń lọ, ẹ jọ̀ọ́?" Lẹ́yìn èyí, ó kọ ìwé olójú-ewé mọ́kànlá, ó gbé e lọ fún Alága.

"Kí ni ìwádìí wí?" Alága béèrè láti orí àga ńlá rẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ orí ẹranko méjì sí lápá.

"Kò ṣeé ṣe, sà."

Fóònù Alága bọ́ lọ́wọ́ Bẹ́ẹ̀ni-Sà.

"Kí ni kò ṣeé ṣe?"

"Ẹyin ni, sà. Ilé wa jìnnà síra wọn gan-an, a ò lè gbé ọ̀nà orí òpó dé ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ pàápàá, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, ní àsìkò kan náà. Bọ́ọ̀sì kan ń gbé ọgọ́ta, Ẹyin kan ń gbé mẹ́ta. Ogún Ẹyin la máa nílò ká tó rí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan ṣe. Tó bá sì di aago mẹ́sàn-án, gbogbo ogún á kàn dúró gbagidi títí di ìrọ̀lẹ́. Sà, bọ́ọ̀sì méjì sí i ló máa ṣe wá lóore. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Ìwọ ń pòwe fún mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Ó tún ku ojú ewé kẹsàn-án. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà kó má baà pa èèyàn lára. Tí èrò bá dúró kọjá ìlà pupa tó wà létí ibùdókọ̀, kò ní wọlé. Á dúró lókè níbẹ̀ títí wọ́n á fi kúrò."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Kò mọ̀ yín."

"Kò mọ Alága kẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ni-Sà pariwo. "Irú ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ wo nìyẹn?"

Alága ṣí ìwé náà pẹ̀lú ìka méjì. "Ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣé o kà mí mọ́ wọn?"

"Rárá, sà. Ẹ kì í wọ ọkọ̀ níbẹ̀."

"Ẹn-hẹ́n! Ibi tí ìṣirò rẹ ti dàrú nìyẹn. Èmi tí mo ni àgbègbè, o ò kà mí!"

"Ó dáa, sà. N óò fi ẹnì kan kún un."

"Ẹnì kan?" Alága dìde. Bẹ́ẹ̀ni-Sà, tó ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀, wá ibi tó tún lè dìde sí, kò rí. "Ẹnì kan! Èmi!"

"Alága wa nìkan tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"O gbọ́? Kọ ọ́ sílẹ̀: Alága, ọgọ́rùn-ún. Kí o sì tún gbogbo rẹ̀ kà. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi máa wà níbẹ̀."

Báyìí ni kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe bẹ̀rẹ̀, bí mo bá sì sọ bó ṣe lọ, ẹ máa rò pé mò ń purọ́. Ibi tí Alága bá máa dé, èrò gbọ́dọ̀ wà láti kí i. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kó ọgọ́sàn-án ènìyàn jọ, ó kó wọn sínú bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọgọ́ta-ọgọ́ta, ó sì kó wọn lọ sí ibùdókọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n kí Alága, Ìyá Òǹkà kà wọ́n. Kí Alága tó dé ibùdókọ̀ kejì, bọ́ọ̀sì ti kó àwọn kan náà débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dé ibùdókọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wà láàárín wọn. Nígbà tó di ibùdókọ̀ keje, ojú ti ń ti òun náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Èmi náà tún rèé."

Ní ìrọ̀lẹ́, ọgọ́sàn-án lọ́nà mẹ́wàá ti di ẹgbẹ̀sán. Alága, ọgọ́rùn-ún ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, di ẹgbẹ̀rún kan. Ẹgbẹ̀rìnlá ènìyàn ló ń kígbe pé àwọn fẹ́ Ẹyin, ní àgbègbè tí gbogbo ilé rẹ̀ kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kò sì sẹ́ni tó béèrè pé, àwọn bọ́ọ̀sì tí a ní kò wúlò yìí, ta ló gbé àwọn èrò wọ̀nyí kiri?

Ìyá Òǹkà kọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé tuntun náà. "Sà, mo ní ọmọ nílé tí mò ń kọ́ ní ìṣirò," ló wí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá a fọwọ́ sí i. Wọ́n kó tábìlì obìnrin náà lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ka àwọn àga náà, wọ́n jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Ó fi ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó ń gbé e wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ń gbé e padà lọ sílé.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún kan, ọ̀nà orí òpó tí wọ́n rí ṣe kò ju láti ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ dé ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn lọ. Bí arúgbó bá fẹsẹ̀ rìn ín, kò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹyin kan ṣoṣo ló dé. Ṣùgbọ́n Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba òkè, pé kó wá fojú rí i kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìyókù. Alága mú Ọjọ́rú kan, ó ní ọjọ́ náà ni Ẹyin máa gbéra. Ọjọ́ náà sì ni àgbà dírẹ́bà, tó ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàlélógún, yóò kúnlẹ̀ fún un níwájú èrò, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́rú. Ẹ rántí pé ọjọ́ Tíṣà ni.

Aago méje ni Aránṣọ ti mú ọkọ rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ẹsẹ̀ Tíṣà ti wú, kò lè di okùn bàtà rẹ̀. Bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, wọ́n ti kó ọgọ́sàn-án ènìyàn ti ìjọ́sí dé láti wá kí Alága. Ọkùnrin aláṣọ ewé náà wà níbẹ̀.

"Bàbá Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gbé wa?" Aránṣọ béèrè.

"Ìyàwó Tíṣà, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ yísẹ̀ kí n tó fún Alága ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé jókòó ná. Aago mẹ́jọ ló ní òun máa dé. Tí mo bá ti fún un, kò sóhun tó ní kí n má bẹ̀bẹ̀ fún ìrìn kan péré lọ sí ìgboro."

Tíṣà wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà.

Ní aago mẹ́jọ, Alága wọ Ẹyin lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní òun kò lè jókòó sórí àga tí ẹlòmíràn lè jókòó sí, nítorí náà wọ́n ti yọ ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀, wọ́n sì gbé àga ọ́fíìsì rẹ̀ olórí ẹranko sí i. Kò wá sí àyè fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà mọ́. Mọ́tò ló gbé e ṣáájú lọ sí ibùdókọ̀, pẹ̀lú fóònù Alága lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn pa dé, Ẹyin gbéra jẹ́jẹ́. Ó rẹwà, kí n má purọ́. Oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i lára, Alága sì jókòó sínú rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè.

Nígbà tó ku bí ogójì ìṣísẹ̀ kó dé ibùdókọ̀, ó dúró.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù," ohùn obìnrin kan wí láti inú ẹ̀rọ náà. "Èrò wà létí ibùdókọ̀."

"Èmi ni Alága," ni Alága wí.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù."

Ó wo iwájú. Ọgọ́sàn-án ènìyàn ló dì mọ́ra lórí pèpéle ibùdókọ̀, gbogbo wọn ti tẹ ìlà pupa mọ́lẹ̀, wọ́n ń na ọrùn láti rí i. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti lé wọn sẹ́yìn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó tún ju ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì tún sún mọ́ iwájú. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n dákẹ́ wẹ́lo, wọ́n ń retí. Ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n hó yèè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkúùkù lu gíláàsì, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹnì kan sì kígbe pé, "Alága wa ń jó!" Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ wọn, wọn kò sì gbàgbé ẹyọ kan nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ìyá Òǹkà wà lẹ́yìn èrò. Ó wá bá Bẹ́ẹ̀ni-Sà. "Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n kúrò lórí pèpéle yẹn. Tí wọ́n bá ti kúrò, á wọlé fúnra rẹ̀."

"Kí wọ́n kúrò kẹ̀? Ṣé o ò ka òfin kẹta ni? Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kúrò níbi tí Alága bá wà kí Alága tó kúrò."

"Òun náà ò lè kúrò àyàfi tí wọ́n bá kúrò."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ronú sí i. Ẹ lè rí bó ṣe ń ronú, nítorí ètè rẹ̀ ń mì. "Tó bá wá jẹ́ pé ó wù ú láti dúró síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé èmi ni kí n sọ fún aráyé pé kí wọ́n kẹ̀yìn sí Alága? Ìyá, mo ní ìyàwó, mo lọ́mọ. Ẹ jẹ́ kó pàṣẹ fúnra rẹ̀."

"Báwo ló ṣe máa pàṣẹ?"

"Á pè mí lórí fóònù."

"Fóònù dà?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá. Aago mẹ́sàn-án lù. Orin ti di àfipáṣe, ọwọ́ ń dun àwọn èrò, oòrùn sì ti ń mú. Alábẹ̀wò, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dìde kúrò lórí àga àlejò, ó wá sọ́dọ̀ Ìyá Òǹkà. "Ọmọ mi, ṣé ara ètò nìyí?"

Ìyá Òǹkà ṣí báàgì, ó mú ìwé olójú-ewé mọ́kànlá jáde, ó ṣí i sí ojú ewé kẹsàn-án, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Aránṣọ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dírẹ́bà. Kò sunkún. "Bàbá Dírẹ́bà, ìṣẹ́jú márùndínlógójì la máa fi dé ọsibítù. Tí wọ́n bá gba àyè yẹn lọ́wọ́ Tíṣà lónìí, ó di ọ̀tunla. Ẹ wo ojú wọn. Ṣé ọ̀tunla máa bá wọn?"

Dírẹ́bà yíjú wo Tíṣà. Ojú Tíṣà wú, ó pọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Dírẹ́bà wá wo Alága lókè níbi tó ti ń ju apá.

"Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn," ló wí. "Ẹ wọlé, ìyàwó Tíṣà. Alága lè dúró. Kíndìnrín ò lè dúró."

Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó yọrí lójú fèrèsé, ó sì ké bó ṣe ń ké láti ọdún mẹ́tàlélógún: "Ìgboro! Ìgboro! Ọkọ̀ ìkẹ́yìn rèé o! Ẹni tó bá ń lọ kó wọlé, n ò padà mọ́!"

Èrò gbọ́. Gbogbo wọn rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé bọ́ọ̀sì ló gbé àwọn wá, pé bọ́ọ̀sì ti fẹ́ tán láyé, àti pé ilé jìn. Ọkùnrin aláṣọ ewé ló kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di bóò-lọ-o-yà-mí. Òfin kẹta wà lára pátákó, kò sí lẹ́sẹ̀ èèyàn. Àwọn dírẹ́bà méjì tó kù rí i pé àgbà ti gbéra, àwọn náà ṣáná sí ọkọ̀ wọn. Kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún, pèpéle ti ṣófo, ó ku bàtà ẹsẹ̀ kan àti ike omi mélòó kan.

Ẹyin mì díẹ̀, ó gbéra, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ ti dé o," ni ohùn obìnrin inú rẹ̀ wí. "Ẹ ṣeun, ẹ kú sùúrù."

Ilẹ̀kùn ṣí. Alága jáde, fìlà rẹ̀ ti yí sẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ọwọ́ sókè, bóyá nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ọwọ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ni-Sà nìkan ló wà níbẹ̀ lára àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo ọwọ́ náà, ó wo Alábẹ̀wò, ó sì ki ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bọ àpò.

"Alága," ni Alábẹ̀wò wí, kò sì gbé ojú kúrò nínú ìwé, "wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹgbẹ̀rìnlá èrò ló wà. Níbo ni wọ́n wà?"

Alága nawọ́ sí ojú ọ̀nà. Eruku bọ́ọ̀sì ni wọ́n rí.

"Mo rí wọn," ni Alábẹ̀wò wí. "Mo rí ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, mo sì rí ohun tí wọ́n sá fún."

Tíṣà dé ọsibítù ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ti mú orúkọ ẹlòmíràn, ó fẹ́ pè é. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn kò kúrò lójú Aránṣọ títí dòní. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á kàn jókòó, á máa wo ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ka ìwé.

Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé láti òkè. Gbólóhùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ní kí Alága kúrò nípò. Èkejì ní kí ó fi àga sílẹ̀, nítorí ti ìjọba ni. Alága bi ẹni tó gbé lẹ́tà wá pé ṣé ó wà lórí ìdúró nígbà tí wọ́n fún un, ẹni náà sì sọ pé rárá, ẹ̀yìn ọ̀kadà lòun wà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Alága tuntun gbé fóònù. Ẹyin wà lórí òpó níbẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń bà lé e. Wọ́n fi bọ́ọ̀sì méjì kún mẹ́ta. Wọ́n kó tábìlì Ìyá Òǹkà kúrò láàárín àwọn àga tó ṣẹ́, wọ́n sì ní kó lọ tún èrò kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọkọ̀ tuntun máa gbà.

Ìyẹn ló gbé e dé ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù méjì. Wọ́n ti gba mọ́tò ìjọba lọ́wọ́ Alága àná. Tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí eku ti jẹ wáyà inú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin tí kò fi wà á. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé nítòsí ló sùn mọ́jú, ó sì ń lọ sí ìgboro. Ó dé, ó rí àyè kan lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kí i ní ẹ káàárọ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Aránṣọ yọ pẹ̀lú Tíṣà, ó dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́. Bẹ́ǹṣì ti kún. Ó wo ẹni tó jókòó sí ìparí, ó dá a mọ̀, kò sì yí ohùn padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ẹ dìde."

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí etí ọkùnrin náà. Ó wo Aránṣọ, ó wo ẹsẹ̀ Tíṣà nínú bàtà tí wọn kò di okùn rẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ni Tíṣà wí bó ṣe ń jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó yọ lókèèrè. Ọkùnrin náà ń tẹ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó ń gbé èkejì, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó wá rí Ìyá Òǹkà tó ń fa ìlà sínú ìwé.

"Ìwọ obìnrin yìí," ló wí, lẹ́yìn náà ó tún un sọ. "Ìyá. Ṣé ẹ ti kà mí?"

"Mo ti kà yín, sà."

"Mélòó lẹ kọ?"

Ìyá Òǹkà yí ìwé náà sí i kó lè rí i fúnra rẹ̀. Ìlà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn gùn dọ́gba. Ó fi ẹnu pẹ́ńsù kan èyí tó kẹ́yìn.

"Ọ̀kan, sà," ló wí. "Ẹ sún síwájú díẹ̀, ọkọ̀ ti dé."